Ibo ni epo dé dúró?

Admin yín ni o. Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lánàá, ọ̀rọ̀ náà nìyí ní kíkọ. Ó kan gbogbo ẹni tó ṣì ń wa mọ́tò àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Jámánì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz gbé mọ́tò tí ọkọ rẹ̀, Carl Benz, ṣe. Kò sọ fún ọkọ o! Ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, ó di ilé ìyá rẹ̀, láti Mannheim dé Pforzheim. Ọ̀nà náà lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Kò sí ilé epo nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ apòògùn ní ìlú Wiesloch ló ti ra èyí tó rọ sínú mọ́tò.

Lójú ọ̀nà, ibi tí epo ń gbà dí pa. Ìyá yìí kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tó fi há fìlà mọ́ irun, ó fi tú ìdọ̀tí kúrò, mọ́tò sì jí. Ṣé ẹ rí i? Àtìgbà tí ìrìnàjò mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ ni epo ti ń há lọ́nà.

Ní 1893, Wilhelm Maybach ṣe kábúrétọ̀ tó ń fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́, bí ẹni fọ́n lọ́fínńdà. Ìran rẹ̀ ló wà nínú Peugeot 504. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná wa níbí, gbogbo wa la sì mọ bí 504 ṣe gbòde nígbà náà. Epo ń ti táńkì ẹ̀yìn gba inú páìpù, pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí á fà á, á gbé e fún kábúrétọ̀. Ibi mẹ́rin péré.

Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí 504 tèmi kọ̀ láti jí ní ìdájí ọjọ́ ọjà, tí ẹrù ti kún búùtù. Mẹkáníìkì tí mo pè kò tú nǹkan kan wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù yín ti kú." Mo ra pọ́ǹpù, kò jí. Ó ní kábúrétọ̀ ni. Mo ra tòkúnbọ̀, kò jí. Èrè ọ̀sẹ̀ méjì ti wọlé lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá bi mí pé, "Ibo ni epo dé dúró?" Ó ṣí ìdérí fíltà afẹ́fẹ́, ó fi ọwọ́ fa ibi tí tọ̀rọ́tù ń fà lára kábúrétọ̀. Tí epo bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i tí á tú jáde. Kò sí. Ó yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má ṣẹ́, ó yọ rọ́bà tó wọ kábúrétọ̀, ó tì í bọ ìgò, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí epo. Ó wá ti rọ́bà tí pọ́ǹpù fi ń fà bọ kẹ́ẹ̀gì epo tó mọ́. Mo yí i, epo ń tú pùẹ̀pùẹ̀ sínú ìgò! "Pọ́ǹpù rẹ kò ṣẹ̀." Ìpẹtà ló dí ẹnu páìpù nínú táńkì. Ó fọ̀ ọ́, mọ́tò jí. Pọ́ǹpù mi àtijọ́ ṣì wà nínú búùtù. Ó dá a padà, ó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Tí tiyín kì í bá ṣe oní-kábúrétọ̀ ńkọ́? Láti 1967 ni Bosch ti gbé ètò injection oníná sínú Volkswagen 1600. Nínú ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tiwa, pọ́ǹpù iná wà nínú táńkì. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn: ó yẹ kó kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹ yẹ fúùsì àti rílè wò kí ẹ tó ra pọ́ǹpù. Ẹ má tú rọ́bà tirẹ̀ fúnra yín o, epo inú rẹ̀ lágbára. Tí epo bá sì dé ẹ́ńjìnnì, púlọ́ọ̀gì ló kù tí ẹ ó wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Kò sí sìgá, kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, ẹ má sì fi ẹnu fa epo.

Ẹni tó bá ní kí ẹ ra nǹkan, ẹ bi í ní ìbéèrè Bàbá yẹn kí ẹ tó yọ owó. Ẹ kú ọjà o.