Tan ti Bicêtre: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Wá Ibùjókòó Ọ̀rọ̀ Nínú Ọpọlọ

Inú jìn. Ọ̀rọ̀ ni ó ń mú ohun tí ó wà nínú ènìyàn jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá wá sá mọ́ ènìyàn lẹ́nu, kí ni a ó fi mọ̀ pé èrò ṣì ń bẹ níbẹ̀? Aláìsàn kan ní ilẹ̀ Faransé ni ó la ọ̀nà ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ní ìlú Moret ni a bí Louis Victor Leborgne sí ní ọdún 1809. Olùkọ́ ni baba rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: ó ń gbẹ́ igi tí ó rí bí ẹsẹ̀, èyí tí àwọn aránbàtà fi ń ṣe bàtà. Láti ìgbà èwe ni wárápá ti ń bá a jà. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó pàdánù ọ̀rọ̀ sísọ, a sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Paris. Ohunkóhun tí a bá bi í, "tan, tan" ni yóò wí, àfi bí inú bá bí i tí ìbúra kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Tan. Àwọn aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní olè. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ.

Ní àkókò náà, àríyànjiyàn ńlá wà láàrin àwọn onímọ̀ ní Paris. Láti ọdún 1825 ni Jean-Baptiste Bouillaud ti ń sọ pé iwájú ọpọlọ ni agbára ọ̀rọ̀ sísọ wà. Àwọn mìíràn ní rárá, odindi ọpọlọ ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, ọdún 1861, a gbé Leborgne wá sọ́dọ̀ oníṣẹ́-abẹ Paul Broca, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń jẹrà. Broca bi í pé ọdún mélòó ni ó ti lò ní Bicêtre. Ọkùnrin náà la ọwọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́rin, ó sì na ìka kan lé e: ọdún 21 ni, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí. Nígbà tí a tún bi í léraléra, ó mọ̀ pé a ń dán òun wò ni, ó sì bínú.

Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Broca rí i pé apá iwájú ọpọlọ rẹ̀, ní òsì, ti bàjẹ́, ó sì fi í han ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní ọjọ́ kejì. Láìpẹ́, ó rí irú rẹ̀ lára Lelong, arúgbó tí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré kù sí lẹ́nu. Ní ọdún 1874, Carl Wernicke ti ilẹ̀ Jámánì, ọmọ ọdún 26, kọ̀wé nípa òdìkejì rẹ̀: àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu wọn bí omi, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kò yé wọn. Ibi tí ó bàjẹ́ nínú tiwọn wà lẹ́yìn ti Broca, ní ìhà etí òsì. Báyìí ni ó hàn pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó ń gbà jáde.

Broca kò gé ọpọlọ Leborgne sí wẹ́wẹ́. Ó tọ́jú rẹ̀ ni. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ ìgbàlódé yẹ̀ ẹ́ wò, tí a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, a rí i pé ìbàjẹ́ náà wọ inú lọ jìnnà ju ohun tí ojú Broca rí lọ. Ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe iṣẹ́ ibi kan ṣoṣo.

Títí di ọdún 2013, nígbà tí Cezary Domański ti ilẹ̀ Pólàńdì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, gbogbo ayé mọ ọpọlọ yìí, wọn kò mọ ọmọ ẹni tí ó ni ín. Síbẹ̀, ẹni tí kò lè fọhùn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di aláìnírònú: ọkùnrin tí wọ́n pè ní Tan ka iye ọdún rẹ̀ pé, kò ṣì í.