Àga Harlem, Láti 1945 Títí Dé 2017

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún méjì péré ni òfin fún ẹni tí a bá dìbò yàn sí Ilé Aṣojú-ṣòfin. Bí ọdún méjì náà bá pé, yóò tún padà wá bẹ àwọn ará ẹkùn rẹ̀. Wọ́n lè tún un yàn, wọ́n sì lè lé e lọ. Ẹni tí ó bá ka òfin náà nínú ìwé yóò rò pé àga náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ọkùnrin méjì péré ni ó jókòó sórí àga Harlem, ní ìlú New York. Ọba ni àwa mọ̀ tí ń wà lórí oyè títí ọjọ́ ikú. Báwo ni aṣòfin ṣe wá di bí ọba ní ìlú tí kò ní ọba?

Ṣáájú ọdún 1944, àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ jọjọ ní Harlem, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi pín ẹkùn ìdìbò kò jẹ́ kí iye wọn já mọ́ nǹkan. A gé àdúgbò wọn sí wẹ́wẹ́, a sì lẹ ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ àdúgbò àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí a tún ààlà náà fà, tí ẹkùn kan sì di ti àwọn ènìyàn dúdú, ẹni tí yóò gbà á ti wà ní sẹpẹ́. Adam Clayton Powell ni orúkọ rẹ̀. Ó ti di pásítọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Abyssinian ní ọdún 1937, lẹ́yìn bàbá rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Òun ni ó ṣáájú àwọn tí ń tò sí iwájú àwọn ilé ìtajà ní Òpópó 125, tí wọ́n ní àwọn kò ní ra ọjà níbi tí a kò ti lè gba ọmọ àwọn síṣẹ́. Nígbà tí ọdún 1944 dé, ẹgbẹ́ Dẹmókíráàtì fà á kalẹ̀, ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkà náà fà á kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá a du ipò náà ní oṣù kọkànlá. Ẹ ò rí i pé ìjọ ni ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ gan-an, àwọn ẹgbẹ́ yòókù ni ó wá darapọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ó dé Washington, ènìyàn dúdú kan ṣoṣo ni ó bá nínú Ilé náà, William Dawson ará Chicago. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ènìyàn dúdú. Powell wọlé, ó jẹun, ó sì kó àwọn akọ̀wé rẹ̀ dání. Òfin ìnáwó yòówù tí wọn ìbáà gbé kalẹ̀, a máa fẹ́ fi kún un pé owó ìjọba kò gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n bá ti ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Èyí bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá nínú. Ní ọdún 1956 ó kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní Eisenhower ni òun yóò tì lẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá Tammany Hall, tí ń darí ẹgbẹ́ Dẹmókíráàtì ní ìlú náà, kò gbàgbé. Ní ọdún 1958 wọ́n fa Earl Brown kalẹ̀ láti gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Ìbò Powell fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Brown. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ti gbà pé ẹgbẹ́ kọ́ ni ó ni àga Harlem.

Ọdún 1961 ni ó di alága ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Èyí ni èrè pípẹ́ lórí àga, nítorí bí aṣòfin bá ṣe pẹ́ sí ni ipò rẹ̀ ń ga sí nínú Ilé náà. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni òfin owó iṣẹ́ tí ó kéré jù, òfin ìgbógun ti ìṣẹ́ ti ọdún 1964 àti òfin ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ti ọdún 1965 ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ a máa sọ ènìyàn di aláìbìkítà. Ní ọdún 1960 Powell ti sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé opó kan ní Harlem ń bá àwọn ọlọ́pàá gba owó rìbá. Obìnrin náà pè é lẹ́jọ́, ó sì jàre. Powell kọ̀, kò san owó ìtanràn. Nítorí pé a kì í mú ìwé ẹjọ́ báyẹn fún ènìyàn ní ọjọ́ ìsinmi ní New York, ọjọ́ Àìkú nìkan ni ó ń wá sí Harlem, kí ó wàásù, kí ó sì tún bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo àga tí olówó rẹ̀ ń yọ́ wọ ẹkùn ara rẹ̀ bí olè! Nígbà tí ilé-ẹjọ́ wá ní kí a mú un nítorí àfojúdi, ó fi Harlem sílẹ̀ pátápátá, ó sì ń gbé erékùṣù Bimini.

Ẹ̀sùn mìíràn tún wà: owó ìrìn-àjò ìgbìmọ̀ tí a ná ní ìnákúnàá, àti owó oṣù tí ìyàwó rẹ̀ ń gbà nígbà tí ó wà ní Puerto Rico. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Emanuel Celler ṣe olórí fún ní kí a gbà á wọlé, kí a bá a wí, kí ó sì san owó ìtanràn. Ilé náà kò gbà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, ìbò 307 sí 116 ni wọ́n fi tì í síta.

Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, nígbà tí a tún ìbò dì láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, Powell kò kúrò ní Bimini, kò kéde, kò sọ àsọyé kan. James Meredith tí àwọn Rìpọ́blíkà fẹ́ fà kalẹ̀ ti yẹra. Nínú ìbò ọgọ́rùn-ún, 86 ni Powell ní. Àwọn kan ń wí pé àìmọ̀kan ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Harlem mọ ohun tí ó ṣe. Wọ́n tún mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ṣe irú rẹ̀ ṣì wà lórí àga wọn. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà gan-an, ìbáwí ẹnu lásán ni Ilé Aṣòfin Àgbà fún Thomas Dodd tí ó sọ owó ìpolongo ìbò di ti ara rẹ̀. Ìbò Harlem jẹ́ èsì sí àwọn tí ó wà ní Washington. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò iye tí èsì náà ná wọn: Powell kò lọ gba àga náà, nítorí náà láti oṣù kẹta ọdún 1967 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, Harlem kò ní aṣojú kan nínú Ilé náà.

Wọ́n tún yàn án ní 1968. Wọ́n gbà á wọlé, wọ́n bu owó ìtanràn 25,000 dọ́là lé e, wọ́n sì dá a padà sí ẹ̀yìn bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969, Adájọ́ Àgbà Earl Warren kà á jáde ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pé Ilé náà kò ní ẹ̀tọ́ láti ti ẹni tí ìlú yàn síta, níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó, tí ó jẹ́ ọmọ ìlú, tí ó sì ń gbé ìpínlẹ̀ tí ó yàn án. Ìdájọ́ ńlá ni. Ẹ̀tọ́ àwọn ará Harlem ni ó gbà padà ju ti Powell lọ.

Wọ́n sì lo ẹ̀tọ́ náà. Powell kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sí Ilé mọ́. A sì ti fa ààlà ẹkùn náà wọ apá kan àdúgbò àwọn funfun. Nínú ìdìbò abẹ́lé oṣù kẹfà ọdún 1970, Charles Rangel, ọmọ Harlem tí ó ti jagun ní Kòríà, fi nǹkan bí ìbò 150 borí rẹ̀. Ohun tí ìbò 307 ní Washington kò lè ṣe, ìbò 150 ní ilé ṣe é. Powell kú ní ọdún 1972, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sí òkun Bimini.

Ọdún 46 ni Rangel lò. Òun náà di alága ìgbìmọ̀ ńlá, òun náà rí ìbáwí: ní oṣù kejìlá ọdún 2010, Ilé náà fi ìbò 333 sí 79 bá a wí lórí ọ̀ràn owó, lẹ́yìn oṣù kan péré tí Harlem tún un yàn. Ọmọ Powell dìde sí i ní 1994 àti ní ọdún 2010 kan náà. Kò rí i gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé ẹkùn náà ti yí padà, àwọn tí ń sọ èdè Spain ti pọ̀ níbẹ̀. Adriano Espaillat, tí a bí ní Dominican Republic, gbìyànjú ní 2012, ó kù díẹ̀ kí ó borí. Ó tún gbìyànjú ní 2014. Nígbà tí Rangel ní òun ń sinmi, Keith Wright ni ó nawọ́ sí pé kí ó jẹ́ àrólé òun. Espaillat ni àwọn ará ẹkùn náà yàn ní oṣù kẹfà ọdún 2016.