Bọ́ọ̀lù Ọgọ́fà: Bí Kíríkẹ́ẹ̀tì Kúkúrú Ṣe Di Iṣẹ́ Òòjọ́

Kíríkẹ́ẹ̀tì jẹ́ eré tí ikọ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ènìyàn mọ́kànlá, ń fi igi pẹlẹbẹ àti bọ́ọ̀lù líle ṣe, ó sì ti pẹ́ ní Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe lérò lọ, nítorí pé láti ọdún 1904 ni àwọn eléré Èkó ti kojú àwọn ti Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ní Kàdúná, tí Hayin Banki jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Kàdúná, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí eré náà gbà wọlé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣí ní ọdún 1922, níbi tí àwọn olùkọ́ òyìnbó ti fi kíríkẹ́ẹ̀tì kún eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó wá sí Kàdúná ní ọdún 1938, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1949 tí ó fi kó lọ sí Zaria, níbi tí a ti wá mọ̀ ọ́n sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Barewa. Ní àkókò kan náà, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni àwọn òyìnbó ní, ọ̀tọ̀ sì ni ti àwọn ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọdún 1950 ni àwọn méjèèjì tó di ọ̀kan.

Ẹ̀yà eré tí àwọn òyìnbó náà gbé wá ń jẹ ọjọ́ kan gbáko, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹni tí yóò sì ṣe é ní láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fún láyè. Ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò lè fi gbogbo ọjọ́ dúró lórí pápá. Àkókò tí ó ń gbà, ju àìmọ̀ọ́ṣe lọ, ni ó há eré náà mọ́ ọgbà ilé-ìwé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, òǹwòran ń dín kù, èyí tí ó mú kí Stuart Robertson, tí ó ń bójú tó ọjà títà fún ìgbìmọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, dábàá eré kúkúrú tí ènìyàn lè wò lẹ́yìn iṣẹ́. Ófà ni orúkọ tí a ń pe bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ẹnì kan jù tẹ̀léra. Ogún ófà péré, ìyẹn ọgọ́fà bọ́ọ̀lù, ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kojú, eré yóò sì parí láàárín wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Íńdíà ni ó sọ ọ́ di òwò ńlá, ilẹ̀ Áfíríkà ni iná náà sì ti ràn. Ní Johannesburg, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, Íńdíà fi rọ́ọ̀nù (àmì ayò eré náà) márùn-ún péré na Pakistan nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ti eré ológún ófà, orílẹ̀-èdè náà sì gba eré kúkúrú náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Zee dá líìgì tirẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ, ìgbìmọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà sì ti àwọn tó bá wọn ṣe é mọ́ta. Ìgbìmọ̀ náà wá dá líìgì tirẹ̀, IPL, sílẹ̀ lábẹ́ Lalit Modi: wọ́n ta ikọ̀ mẹ́jọ fún àwọn olówó ní oṣù kìíní ọdún 2008, wọ́n ta ẹ̀tọ́ àfihàn lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mẹ́wàá ní iye tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n sì kó àwọn eléré sí gbàǹjo, níbi tí ikọ̀ Chennai ti fi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là gba M. S. Dhoni. Ní alẹ́ tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, Brendon McCullum nìkan fi bọ́ọ̀lù mẹ́tàléláàádọ́rin kó rọ́ọ̀nù 158, kò sì jáde títí ìpín ikọ̀ rẹ̀ fi parí. Láti ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti lè fi bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà eré pa owó tí àwọn aṣáájú rẹ̀ kò rí ní gbogbo ayé wọn.

Nígbà tí ìdìbò gbogbogbò kò jẹ́ kí Íńdíà rí ọlọ́pàá tó láti ṣọ́ àwọn pápá ní ọdún 2009, Gúúsù Áfíríkà gba gbogbo líìgì náà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un. Síbẹ̀, nígbà tí líìgì tiwọn, SA20, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn olówó IPL ni ó ni ikọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1976, Nàìjíríà, Gánà, Gambia àti Sierra Leone para pọ̀ di ikọ̀ kan lábẹ́ àjọ àgbáyé, ìyẹn ICC. Ní ọdún 2001, wọn kò lè lọ sí ìdíje ní Kánádà nítorí pé wọn kò rí físà gbà. Nàìjíríà dá dúró ní ọdún 2002. Eré kúkúrú ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, nígbà tí ICC pinnu ní ọdún 2018 pé eré kúkúrú tí ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí bá bá ara wọn ṣe yóò ní ipò eré orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ní Kuching ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún kojú New Zealand nínú eré tí òjò dín kù sí ófà mẹ́tàlá. Wọ́n kó rọ́ọ̀nù 65. Rọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni New Zealand ń wá nígbà tí ó ku ófà kan. Lillian Ude ju bọ́ọ̀lù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó jọ̀wọ́ rọ́ọ̀nù mẹ́fà péré, Nàìjíríà sì fi méjì borí.

Ẹ̀bùn kò wọ́n wa, nítorí náà. Pápá, àfihàn tẹlifíṣọ̀n àti owó oṣù ni ó wọ́n. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ya pápá ilé-ìwé sọ́tọ̀ fún eré yìí, kí ó má sì yọ àwọn ọmọ àdúgbò bí Hayin Banki sílẹ̀, nítorí wákàtí mẹ́ta ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kò ní pa ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lára.