Òṣùká Inú Àgbá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń bá wọn tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté Kútọnu. Nígbà tó wá kí wa ní Odomèta nílẹ̀ Kétu, ìyá rẹ̀ rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Ó ní, "Màámi, chauffe-eau la pààrọ̀. Serpentin rẹ̀ ló lu, ló bá ń da omi moteur sínú omi ìwẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. "Ọmọ mi, Yorùbá ni mo fi bi ọ́ léèrè."

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti jẹ́ kí n sinmi. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́, gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn nínú ọkọ̀, Faransé ló fi mọ̀ ọ́n. Ká ní Ìmẹ̀kọ lápá Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, hítà ni ì bá pe chauffe-eau, ì bá pe tuyau ní páìpù, ì bá pe clé ní sípánà. Bẹ́ẹ̀, Kétu kan náà ni àwa àti ará Ìmẹ̀kọ. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ló pààlà sáàárín wa, ààlà náà kò sì dúró sórí ilẹ̀. Ó wọ inú àpótí irinṣẹ́. Mẹkáníìkì méjì tí ìyá wọn ń sọ èdè kan náà lè dọ̀bálẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì kan, kí wọ́n má gbọ́ra wọn yé.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn nǹkan náà. Àwọn àgbà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kò sí nínú wọn. Èmi kò sì sọ pé ká lé páìpù àti nọ́ọ̀tì jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Orúkọ tí ènìyàn fi ń rajà, kí ó máa fi rà á. Àwọn ohun tó yẹ kí orúkọ wọn sọ iṣẹ́ wọn fún wa ni mo ń wá ọ̀rọ̀ fún, ọ̀rọ̀ tí ará Kétu àti ará Ìmẹ̀kọ yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí wọ́n pààrọ̀ nínú ọkọ̀ náà nìyí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa ń gbóná, omi sì ń yí kiri inú rẹ̀ láti kó ooru náà kúrò. Omi yẹn lè gbóná tó ìwọ̀n 80 tàbí 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Dípò kí gbogbo ooru náà ṣòfò sínú òkun, wọ́n ń darí omi ọ̀hún gba inú páìpù tí wọ́n ká sínú àgbá kan. Omi mímọ́ ló kún inú àgbá náà, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fi ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Omi méjèèjì kì í fara kanra. Ooru nìkan ló ń ré kọjá. Bí ọkọ̀ bá so mọ́ èbúté, tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, iná mànàmáná láti orí ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Orúkọ àgbá yìí kò ṣòro. A ti ní amúlétutù, a ti ní amúnáwá. Amómigbóná bá wọn tò. Mú omi ló di mómi, bí mú owó ṣe di mówó. Àmì ohùn orí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, torí ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i yóò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mímu.

Serpentin, páìpù tí wọ́n ká sínú àgbá náà, ló gbà mí lákòókò. Ejò ni Faransé rí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, mo sì ti fẹ́ẹ̀ kọ "páìpù ejò" sílẹ̀. Ọmọ náà bá fi ìka ya àwòrán rẹ̀ sórí erùpẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀: ó yí i po, ó tún yí i po, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, "Òṣùká mà nìyẹn."

Òṣùká ni lóòótọ́. Lórí ilẹ̀ òkè Kétu yìí, omi jìn nínú ilẹ̀, okùn kànga sì gùn. Obìnrin tó ti ń ru omi láti kékeré mọ òṣùká ju bó ṣe mọ ejò lọ: aṣọ tí a ká róbótó, tí a gbé sórí, tí omi jókòó lé. Ẹnìkan lè sọ pé abẹ́ ẹrù ni òṣùká ń wà, kì í ṣe inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìrísí ni a wò, bí Faransé náà ṣe wo ìrísí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òṣùká àti omi ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ lórí wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gbọ́ Faransé. Mo pa ejò rẹ́, mo kọ òṣùká àgbá.

Mo ṣìnà níbì kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Omi tó ń gba inú òṣùká náà kọjá, mo pè é ní omi ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tó kúrú, tó dùn ún pè. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ti ní ìtumọ̀ nínú ilé gbogbo ènìyàn: omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìgboro ni, omi tí ọmọdé ń gbé ife sí lẹ́nu. Omi inú ẹ́ńjìnnì ní glycol nínú, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Ọ̀rọ̀ tó lè mú ènìyàn bu májèlé mu, bó ti wù kó dùn létí tó, kò yẹ kó wọ ìwé. "Omi inú ẹ́ńjìnnì" gùn díẹ̀, kò sì dán, ṣùgbọ́n kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òun ni mo fi sílẹ̀.

Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀. Bí àgbá bá gba lítà 40, tí omi inú rẹ̀ gbóná láti ìwọ̀n 20 dé 80, ó máa fi ju lítà kan lọ fẹ̀ sí i, àyè kò sì sí fún lítà náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi nǹkan kan sí i tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára inú àgbá bá pọ̀ jù, kí àgbá má bàa bẹ́. Ẹni tó bá ti se ẹ̀wà rí ti rí i bí ọmọrí ìkòkò ṣe ń gbéra sókè, tó ń mí, tó tún ń padà sílẹ̀. Ọmọrí eléèémí ni mo pè é. Òmíràn wà tó ń jẹ́ kí omi tútù wọ inú àgbá, tí kò jẹ́ kí omi gbígbóná gba ibẹ̀ padà. Àwọn apẹja ti hun irú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ìgèrè, tí ẹja ń wọ̀ tí kò lè jáde. Ìgèrè omi, ó tán. Èyí tó ń fi omi tútù la omi gbígbóná kí ó má bàa bó ọmọ ènìyàn lára, bomi là ló ń ṣe, abomilà sì ni orúkọ rẹ̀.

Irin kan tún wà nínú àgbá tó ń jẹrà kí àgbá fúnra rẹ̀ má bàa jẹrà. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fi ẹbọ sọ ọ́ lórúkọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹbọ nílẹ̀ wa ní ẹni tí a ń rú u sí. Irin yìí kò ní. Ó kàn fi ara rẹ̀ rọ́pò ni. Irin afararọ́pò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ gan-an, kò nílò ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ní ikùn ọkọ̀ fún gádígádí, ẹ́ńjìnnì ló gba gbogbo àyè, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni àgbá náà há sí. Ó ní àwọn dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, àwọn gbọn omi àgbá dànù kí àwọn tó gbé e, torí omi lítà 40 nìkan wúwo tó kílò 40. Ó fi ikùn fà wọlé, ó na apá, ojú rẹ̀ kò rí nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, ó ń táràrà wá nọ́ọ̀tì, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, omi ń ro sí i lójú. Wọ́n ti kọ́kọ́ wọn ojú ihò tí àgbá máa gbà jáde, torí ìwọ̀n ihò náà ló ń sọ irú àgbá tuntun tí ènìyàn lè rà. Há, fà, na, tú, ro, wọ̀n: ẹ̀gbọ́n mi kò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa pọ̀ tó, ó sì tó fún ikùn ọkọ̀ èyíkéyìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni a jẹ ní gbèsè.

Ó wá sọ ohun tó mú iṣẹ́ náà gba ọjọ́ méjì dípò ọ̀kan. Kó tó tú páìpù méjì tó wọ inú òṣùká, ó fi lẹẹ́dì kọ lẹ́tà sí ara wọn kí ó má bàa gbàgbé: E fún entrée, ibi tí omi ń gbà wọlé, S fún sortie, ibi tó ń gbà jáde. Òun kọ́ ló so wọ́n padà. Ọmọ Èkó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó kàwé Gẹ̀ẹ́sì, ló so wọ́n. Ó rí E, ó kà á sí exit, ọ̀nà ìjáde. Wọ́n so páìpù lódìlódì, afẹ́fẹ́ há sínú òṣùká, omi kò gbóná. Ni wọ́n bá tún fi ikùn fà wọlé, wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n sì so ó padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ WỌLÉ sára ọ̀kan, ó kọ JÁDE sára èkejì. Ọmọ Èkó náà tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì kà wọ́n sókè.