Láti Abẹ́ Igi Dé Ilé Ijó: Ohun Tí Ibi Ìmutí Ń Ṣe fún Ẹni Tó Ń Mutí

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítírì Ọ̀tà, láti Sango títí dé Ìjù. Tí owó oṣù bá wọlé, tó sì di alẹ́ Sátidé, ẹ mọ ibi tí púpọ̀ wọn ń lọ. Tí ọmọ bá yó wálé, a ó ní kò gbọ́n, tàbí pé ọ̀rẹ́ ló bà á jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó ti mu ún náà lọ́wọ́ sí i, ilé yẹn sì ní ìtàn.

Ẹ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń mu ẹmu. Ojú ọ̀sán ni, lábẹ́ igi, igbá ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọmọdé ló ń bù ún, àgbà ló ń pàṣẹ. Tí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ, wọn kò ní bù fún un mọ́. Ọ̀mùtí wà nígbà náà o, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ń wo èèyàn.

Lẹ́yìn ogun Hitler, nǹkan yí padà. Ní 1949 ni Nigerian Breweries kọ́kọ́ gbé bíà Star jáde ní Èkó. Àwọn tó ń gba owó oṣù ń pọ̀ sí i, ilé ijó náà ń pọ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí Caban Bamboo ti Bobby Benson ní ọ̀nà Ìkòròdú, àti Stadium Hotel ti Victor Ọláìyá ní Surulere. Ijó wọn dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwò náà: ìlù ló ń pe èèyàn wọlé, ìgò ló ń mówó wá fún onílé. Òru rọ́pò ọ̀sán, àjèjì rọ́pò ẹbí, kò sì sí àgbà tó máa sọ pé ó tó.

Igbó náà gba ọ̀nà yẹn. Òfin 1966 ní kí wọ́n pa ẹni tó bá gbìn ín, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Síbẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1970, gbangba ni wọ́n ti ń fà á ní Afrika Shrine ti Fẹlá, ní Empire Hotel, Ìdí-Òro. Ohun tí ọmọ kò jẹ́ dán wò nílé, á ṣe é níbi tí igba èèyàn ti ń ṣe é.

Ní 2008, Nicolas Guéguen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣọ́ ọkùnrin 40 ní ilé ọtí méjì ní alẹ́ Sátidé. Nígbà tí orin wà ní ìwọ̀nba, ife bíà kan ń gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú 14 àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ohùn orin sókè, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 àti ààbọ̀ lọ. Wọ́n rò pé ariwo ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ife ló ń gbé.

Kílọ́ọ̀bù òde òní tún ti kọjá bíà. Wọ́n ń da ọtí líle pọ̀ mọ́ energy drink, èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun ti yó. Ìjọba fòfin de ṣíṣe omi ìkọ́ oní-kódíìnì àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún 2018, torí àwọn ọ̀dọ́ ń dà á sínú mínírà. Ìwádìí tí UN àti ìjọba wa ṣe lọ́dún yẹn rí i pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 14 ló ń lo oògùn olóró ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú mẹ́rin wọn, obìnrin ni. Nítorí náà, kí a má wo ọmọkùnrin nìkan.

Ọtí pẹ̀lú tírámádòlù tàbí kódíìnì lè dá èémí dúró lójú oorun. Tí ọmọ bá dé lóru, tó ń hanrun lọ́nà tí kò yé yín, tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má ní kó sùn ún lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ àdúgbò lè lọ bá onílé ijó sọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè bóyá omi mímu wà lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá wọ́n ń tan iná, tí wọ́n sì ń rẹ orin sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àti bóyá wọ́n ṣì ń ta ọtí fún ẹni tí kò lè dúró mọ́. Fún ọmọ tí oògùn ti wọ̀ lára, NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn: 0800 1020 3040.