Igi Òrí Òkè-Ògùn: Kí Ni À Ń Ṣọ́?

Igi òrí (Vitellaria paradoxa) kò ṣọ̀wọ́n ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá ti Ìsẹ́yìn gba ọ̀nà Ṣakí á rí i nínú oko. Pípọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni kò jẹ́ ká fura, bẹ́ẹ̀ láti 1998 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ igi tí ewu ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Èédú la sábà máa ń dá lẹ́bi, kò sì jàre: igi líle ni òrí, èédú rẹ̀ ń pẹ́ lórí iná. Ṣùgbọ́n ààké nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Àdáhù ni òrí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kóró rẹ̀ máa ń kú. Èyí tó bá hù á lo bí ọdún 15 sí 20 kó tó so. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń sinmi ni ọmọ igi ń ráyè dàgbà, tí àgbẹ̀ á padà wá ṣán oko, á sì dá a sí. Nísinsìnyí ilẹ̀ kì í sinmi tó, kátákátá kò sì mọ ọmọ òrí yàtọ̀ sí èpò. Ìyá igi ṣì dúró, ó ń so, kò ní àrólé.

Ẹ wo ìyá tó ń ṣe òrí. Ó ti ṣa èso, ó sè é, ó sá a, ó pa á, ó yan án, ó lọ̀ ọ́. Ó wá ki ọwọ́ bọ ọpọ́n dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń pò ó mọ́mi títí ohun tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn fi yọ ìfófòó funfun. Síbẹ̀, ìdílé ọkọ ló sábà máa ń nilẹ̀. Bí wọ́n bá ta igi fún eléèédú, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbà. Ìyá náà ló pàdánù ti ọdọọdún.

Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró òrí lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà. Ó dáa, àmọ́ àpò kóró ni òfin yẹn ṣọ́, kì í ṣe igi. Old Oyo National Park, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ń ṣọ́ igbó tirẹ̀. Èyí tó ń bọ́ àwọn ìyá wa, inú oko ló wà. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti onílẹ̀ ni kí àdéhùn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣa èso lóhùn níbẹ̀ kí wọ́n tó gé igi. Ọmọ òrí ńkọ́? Ọ̀pá kan ni kí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn, kí kátákátá tó wọlé.