Oògùn tó ń mú ọmọ jókòó jẹ́ẹ́: ìtàn rẹ̀ àti ohun tó yẹ ká máa ṣọ́

Ìtàn tòní kan òbí tí dókítà sọ fún pé ADHD ló ń ṣe ọmọ rẹ̀: ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Ní 1937, ní ìlú East Providence l'Amẹ́ríkà, dókítà Charles Bradley fún ọmọ 30 ní Benzedrine, irú amphetamine kan tó máa ń lé oorun lójú àgbà. Ó yà á lẹ́nu pé nǹkan bí ìdajì wọn fara balẹ̀, tí iṣẹ́ ìwé wọn sì dára sí i. Ní 1944, Leandro Panizzon ní Switzerland ṣe oògùn mìíràn tó fara jọ ọ́. Orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ritalin.

Àmọ́ oògùn tó ń jí ọpọlọ lè jí i kọjá ààlà. Ní 1958, Philip Connell ti ilé ìwòsàn Maudsley ní London kọ̀wé lórí aláìsàn 42 tí amphetamine dà lórí rú. Wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọ́n ń rò pé àwọn kan ń lépa wọn.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1960, Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí "brain fag": akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń ta, tí ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí mọ́. Nígbà tó yá, Olúfẹ́mi Mórákinyọ̀ ti Ifẹ̀ tọ́ka sí àìsùn àti àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń lé oorun.

Ní 2007, FDA ti Amẹ́ríkà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ADHD máa kọ ìkìlọ̀ fún òbí: nínú 1,000 tó ń lò ó, bí ẹyọ kan lè máa gbọ́ ohùn tàbí máa fura láìnídìí, kódà bí irú ẹ̀ ò ṣe é rí. Kò pọ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ kó jẹ́ ọmọ tòun?

Dókítà á bi yín bóyá àìsàn ọpọlọ wà nínú ẹbí. Àwa tá a wà l'Ábújá, àwọn tó mọ ìtàn yẹn wà nílé. Ẹ pe Màmá l'Ọ̀yọ́ tàbí l'Ọ́ffà, ẹ bi wọ́n. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín: òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2023 ti rọ́pò òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Bí ọmọ bá ń gbọ́ ohùn, tó ń fura sí gbogbo èèyàn, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì bu oògùn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń kàwé JAMB o!

Orí àwọn ọmọ wa ò ní dàrú. Àṣẹ.